Ìlẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Mọ́ Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́

Káfíńtà ni. Bí òòlù bá bà á lọ́wọ́, igi ló máa ń kí ní pẹ̀lẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ọ̀dọ́ ni àìsàn ọpọlọ ti wà lára rẹ̀. Bó bá dé, á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, á ní wọ́n fẹ́ pa òun.

Abẹ́rẹ́ oṣooṣù ló mú un dúró, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì àgbà ibẹ̀ a máa yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á wojú rẹ̀ fín, á ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn?" Ọdún gorí ọdún, Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Nígbà tó yá, ìjọba ní kò sówó fún irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n tì í pa, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì lọ síbòmíràn. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, orí Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ dàrú. Yàrá pàjáwìrì ọsibítù ńlá nìkan ló kù tó lè gbà á. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ, àti ìyá rẹ̀ arúgbó tí ikọ́ fée ń bá fínra, ni wọ́n ń fà á lọ. Wọ́n á fún un lóògùn oorun, wọ́n á ní kó máa lọ sílé. Kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún padà.

"Mama, ẹ tún ti dé," dókítà wí. Ojú rẹ̀ pọ́n fún àárẹ̀. "Ibi tá a ti ń rán ojú ọgbẹ́ nìyí. Mi ò ní ibùsùn fún irú èyí."

"Àwọn tó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi ni kẹ́ ẹ sọ fún."

"Mo ti sọ fún wọn títí, Mama."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, bọ́ọ̀sì kan ti dojú dé, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ làwọn tó fara pa sùn sí. Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ rí ẹ̀jẹ̀, ó ní òun ló kàn. Ó fa irin tí wọ́n ń gbé omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára kọ́ yọ. Dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì, ọlọ́dẹ, gbogbo wọn ló dì mọ́ ọn. Ìyàwó rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìyá rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì, èémí rẹ̀ ń fọn. Ó na ọwọ́ sókè.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mama, a ò ní nà án!" nọ́ọ̀sì kan kígbe.

Nígbà tí oògùn oorun máa fi gbé ọmọ lọ, ìyá ti kú lórí bẹ́ńṣì.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn aláṣẹ gbé ibùsùn tuntun wá sí yàrá pàjáwìrì, wọ́n ya fọ́tò. Ìyàwó Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ súnmọ́ ọ̀kan nínú wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ilé ìwòsàn kékeré wa ńkọ́?"

"Ìyẹn ò sí nínú ètò ọdún yìí, madam."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò ju ewúro lọ. "Ẹ kú iṣẹ́. Bí orí ọkọ mi bá ti ń dàrú, a ó máa wá yí lórí ibùsùn yín."

Nígbà tí ojú Ọ̀gá Pẹ̀lẹ́ wálẹ̀, wọ́n sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú. Kò sunkún. Ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní, "Nígbà tí gbogbo yín dì mí mú, ta ló di màámi mú?"