Àtẹ́lẹwọ́ Ara Ògiri

Ṣàà! Ṣàà! Ìró ọwọ́ ìyá àgbà lára ògiri nìyẹn. Òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ni, òórùn amọ̀ pupa àti ẹlẹ́bọ́tọ màlúù sì ti gba gbogbo àgbàlá. Ìyá tó bí bàbá mi ni. Ó ti ká ìró dé orúnkún, ó ń bu amọ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lásán rẹ́ ilé.

Ẹ má pè mí ní òpùrọ́ o: ògiri yẹn dán tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin bá bà á, yóò yọ̀ ṣubú. Òbúkọ aládùúgbò wa rí ara rẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ta ni onírùngbọ̀n burúkú yìí, ó kàn án títí ìwo rẹ̀ fi kán. Lóòótọ́ n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́ta, ṣùgbọ́n ojú mi kò fọ́.

Ibì kan ṣoṣo ni kò dán. Lápá òsì ilẹ̀kùn, ojú àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé kan wà lára amọ̀. Àkọ́bí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló tẹ ọwọ́ mọ́ ọn ní kékeré, nígbà tí amọ̀ ṣì tutù. Ó dàgbà, ó bá àwọn oníṣòwò lọ sí Kùmásì, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọdọọdún ni ìyá àgbà ń rẹ́ ilé yí ọwọ́ náà ká.

“Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ n bá yín dí i.”

“Fi í sílẹ̀, aláròyé. Gbogbo ilé àdúgbò yìí ló pupa bákan náà. Kí ni yóò fi mọ tiwa bó bá dé?”

Nígbà tó yá, ó lọ kí àbúrò rẹ̀ lábúlé. Bàbá mi fẹ́ dá a lára yá, ló bá pe bíríkìlà, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilé látòkè délẹ̀. Ìyá àgbà dé, ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀.

“Ìyá mi, a ti bá yín rẹ́ ilé o!”

“Ẹ rẹ́ ilé lóòótọ́. Ẹ sì ti pa ọmọ mi rẹ́.”

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan ru àpótí irin kọjá, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ó wo tiwa títí, ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Nígbà tí ìyá àgbà dé, mo sọ fún un.

“Báwo ló ṣe ń rìn?”

“Bíi bàbá mi.”

Láti ọjọ́ náà títí ó fi kú, àràárọ̀ ló ń fi ọ̀bẹ ha sìmẹ́ńtì yẹn.

Ní Peckham nílùú òyìnbó níbí tí mo ń gbé báyìí, òtútù ti la ara ilé mi. Ọmọ mi obìnrin mú bílídà wá láìpẹ́ yìí. Mo ní kó rẹ́ gbogbo rẹ̀, kó fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lápá òsì ilẹ̀kùn.

“Daddy, kí lẹ fẹ́ fi ihò yẹn ṣe? Òjò máa wọlé now!”

“Aláǹgbá ni mo fi í sílẹ̀ fún.”

“Kò sí aláǹgbá ní Peckham, Daddy!”

“Ìyẹn ni mo ṣe ń dúró dè é.”

Ó rẹ́rìn-ín, bílídà náà bá a rín in. Irọ́ tí mo ti pa láyé yìí kò lóǹkà, n kò sì kábàámọ̀ ọ̀kan nínú wọn. Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ fún ìyá àgbà nípa ọkùnrin tó kọjá yẹn ni kò jẹ́ kí n sinmi.