Igi Pupa Tí Evelyn Gbìn

Bí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì bá sọ fún Akíntóyè pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," yóò dáhùn pé, "A dúpẹ́." Láti oṣù karùn-ún tí Evelyn ìyàwó rẹ̀ ti kú, omijé ò tíì jáde lójú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́ jù.

Igi buckeye méjì ni Evelyn gbìn síwájú ilé wọn ní Redan, ní Georgia l'Amẹ́ríkà, nígbà òtútù tó kọjá. Wọ́n bára tan, ewé àwọn méjèèjì là sí márùn-ún bí àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn ò jọra rárá. Ọ̀kan kánjú, òtútù ò tíì lọ tán tó ti yọ òdòdó pupa. Èkejì ò kánjú ní tiẹ̀, àfìgbà tí oòrùn mú ló tó yọ òdòdó funfun gbọọrọ bíi brọ́ọ̀ṣì ìfọgò. Òdòdó èyí pupa nìkan ni Evelyn rí kó tó kú. Akíntóyè ń bomi rin ín láràárọ̀, torí lọ́kàn tiẹ̀, bí igi yẹn bá wà, ilé ò tíì dahoro.

Nínú oṣù kẹjọ, ewé igi pupa gbẹ, ó já tán. Funfun ṣì tutù yọ̀yọ̀.

"Òun náà ti lọ," ni Akíntóyè wí.

Hephzibah ọmọ rẹ̀ ní, "Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wait till spring."

"Spring wo? Igi tó wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ń sinmi. Èyí tó wọ́wé nínú òjò, òkú ni. Ní Ìkirè, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Georgia ló ń gbé o, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà Ìkirè ló ṣì ń kà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gbé ayùn, ó gé e nídìí. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ láti kó ẹ̀ka ló rí i pé inú igi náà tutù, ó ń sun omi, ìrudi sì ti wà lórí ẹ̀ka.

Seth aládùúgbò wọn dúró lẹ́yìn fẹ́ǹsì, ó ń wò ó. Ó bi í pé kí ló dé tó fi gé e. Ó ní òun ní irú ẹ̀ lẹ́yìnkùlé, bó ṣe máa ń wọ́wé nínú oṣù kẹjọ lọ́dọọdún nìyẹn, kì í dúró de òtútù kó tó sùn. Funfun ló máa ń pẹ́.

Akíntóyè gbé igi náà dìde, ó gbé e lé kùkùté, ojú ọgbẹ́ sí ojú ọgbẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Evelyn, mi ò mọ̀," ló wí, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. "Mi ò mọ̀ pé ó wà láàyè."

Hephzibah gbọ́ ọ nínú ilé, ó sáré jáde láìwọ bàtà.