Ọ̀bẹ Tí Èèkù Rẹ̀ Gbọ́dọ̀ Mì

Kò sóhun tó ń bí Bàbá Fàsásì Adéòjó nínú tó kí wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kí ẹran inú rẹ̀ sì ti di wẹ́wẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, ó fi ọdún méjìlá ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi akẹ́rù, ó sì fi owó ibẹ̀ kọ́lé sí Ìgbògbò. Lọ́dún tó kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá a jà, tó gba ọwọ́ òsì mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ òsì náà kò sì mọ ohun tó bá kàn án mọ́. Ọjọ́ tí ọ̀bẹ já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó gé e lẹ́sẹ̀, tí kò mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ṣàn dé abẹ́ àga, ni Mọ̀nsúrát ọmọ rẹ̀ kó gbogbo ọ̀bẹ ilé tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ìgbà náà ló ti ń gé ẹran fún bàbá rẹ̀ bí ẹni ń gé e fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín.

Ọmọ dáadáa ni Mọ̀nsúrát, kí ẹnikẹ́ni má bú u. Ṣùgbọ́n ojú a máa ti ẹni tí wọ́n ń tọ́jú náà.

Ìgbà tí Bàbá rántí ọ̀bẹ lábalábá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Èèkù méjì ni ọ̀bẹ náà ní, tí wọ́n máa ń pàdé bo ojú rẹ̀ bí ìyẹ́ lábalábá tó bà sórí ewé. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò á fi ọwọ́ kan ṣoṣo jù wọ́n ṣí, á sì fi ọwọ́ náà pa wọ́n dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ọkọ̀, ará Filipíìnì tó ń jẹ́ Rodél, ló fún un. Ó ti dípẹtà nísàlẹ̀ àpótí, ìṣó tó di ọ̀kan nínú èèkù náà mú sì ti kán.

Mọ̀nsúrát ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá lè fi ọwọ́ kan ṣí i, tẹ́ ẹ sì lè pa á dé láì pe ẹnikẹ́ni, ẹ máa lò ó. Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ má bi mí léèrè ọ̀bẹ mọ́ o. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

"Mi ò ní kó gbẹ́ èèkù. Ẹran ni mo fẹ́ fi gé."

Mọ̀nsúrát gbé e lọ fún Fáṣínà alágbẹ̀dẹ. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀bẹ dé, ó ń dán. Fáṣínà ní kí wọ́n sọ fún Bàbá pé kò mì rárá. Òótọ́ sì ni, kò mì. Bàbá jù ú lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú lẹ́ẹ̀mẹrin, èèkù kò ṣí. Òógùn bò ó. Mọ̀nsúrát na ọwọ́ láti gbà á, àánú bàbá rẹ̀ sì ṣe é débi pé ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Pe kẹ̀kẹ́ wá," Bàbá ní. "Ọ̀dọ̀ Fáṣínà yá."

Láti ìgbà àìsàn náà, ọsibítù nìkan ló ń gbé e jáde nílé. Òun àti Mọ̀nsúrát wọ kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ, Bàbá sì kí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Àrọyè o, Fáṣínà."

"Ògún á gbọ́ o, Bàbá! Ẹ̀yin fúnra yín? Ṣé iṣẹ́ wa tẹ́ yín lọ́rùn?"

"Ó dára jù. O ti pa á."

Ojú Fáṣínà kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Láti kékeré ló ti gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ pé ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ bá ń mì, ìtìjú alágbẹ̀dẹ ni. Bàbá jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ní Bàtáńgàsì, nílùú Rodél, àwọn alágbẹ̀dẹ bíi tìẹ ló ń rọ ọ́. Sípíríìnì mọ́tò àlòkù ni wọ́n fi ń rọ ọ́."

"Sípíríìnì? Èyí táwa fi ń rọ àdá?"

"Òun náà. Wọ́n a máa fi ìwo ẹran ṣe èèkù. Rodél ní ó ti wà láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ará ìlú rẹ̀ kan tá a jọ wà nínú ọkọ̀ ní irọ́ ni, pé nǹkan bí ọdún 1905 ni ẹnì kan níbẹ̀ rọ àkọ́kọ́. Ará Faransé kan tún dìde, ó ní ilẹ̀ àwọn ni irú ẹ̀ ti jáde. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí oúnjẹ! Èmi ò mọ ẹni tó jàre. Ṣùgbọ́n Rodél sọ fún mi pé ẹni tó fi ọwọ́ kan di okùn mú ló mọ ìwúlò rẹ̀. Tí èèkù bá ti le, ó di irin lásán."

Fáṣínà yẹ ọ̀bẹ náà wò títí. "Bàbá, táwọn èèyàn bá rí i tó ń mì, wọ́n á ní èmi ni mo tún un ṣe o."

"Sọ pé èmi ni mo ní kó mì."

Ẹ̀rín pa Fáṣínà. Ó lu àwọn ìṣó náà jáde, ó fi fáìlì onírin ha ibi tó fún. Ó wá fi pépà pélébé sáàárín irin kó tó lu ìṣó tuntun mọ́lẹ̀, ó sì fa pépà náà yọ. Nígbà tó gbọn ọ̀bẹ náà létí, ó ń dún.

Àkọ́kọ́ tí Bàbá jù, ó bọ́ sí iyanrìn. Ìkejì kọ́ sí ìdajì. Ìkẹta ṣí. Ó pa á dé, ó tún ṣí i. Ayọ̀ mú omi jáde lójú rẹ̀, kò sì nù ún, torí ọwọ́ tí ì bá fi nù ún kò sófo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Mọ̀nsúrát gbé ìrẹsì wá. Ọwọ́ rẹ̀ ti gé ẹran náà kó tó rántí. Bàbá wo inú abọ́, ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀ lápò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ náà. "Ẹ má bínú, Bàbá," ló wí, ó gbé abọ́ padà, ó sì gbé ẹran mìíràn wá, odidi, tòun ti eegun. Ó wá jókòó sí iwájú rẹ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan kó má baà ràn án lọ́wọ́.