Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tí Mo Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà. Òórùn gọ́ọ̀mù bàtà ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló rán mi létí ọjọ́ náà lánàá. Ní àdúgbò wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, bàbá aránbàtà kan ń rán bọ́ọ̀lù wa, àwa ọmọ sì ń jiyàn ilé-ìwé girama tó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù.

“Ti Ògbómọ̀ṣọ́ ni! Kóòṣì wọn ò lẹ́gbẹ́,” ni ọ̀rẹ́ mi wí.

“Kóòṣì wo? Arọ yẹn? Kó kọ́kọ́ rìn ná!” ni mo dáhùn.

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Bàbá ò wòkè. “Ẹ gba bọ́ọ̀lù yín,” ni wọ́n wí jẹ́ẹ́.

Ìgbà tí Bàbá aránbàtà kú ni mo tó mọ̀ níbi ìsìnkú wọn pé ọmọ wọn ni kóòṣì náà. Ojú ń tì mí títí dòní pé mi ò bẹ̀ wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jiyàn bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ẹ má fi àbùkù ara ẹnikẹ́ni gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀.