Ẹran Ọ̀yà àti Etí Kíjìpá

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlá, tí orí mi tóbi ju ọgbọ́n inú rẹ̀ lọ, mo ta ọ̀rẹ́ mi nítorí ẹran ọ̀yà. Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé ọ̀rọ̀ náà kiri.

Ṣé ẹ mọ bàbá tó ń ṣe aṣọ olówó ńlá yẹn, tí ẹ máa ń fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí nínú fóònù? Èmi àti ẹ̀ la jọ wà ní kíláàsì kan. Òun lo ọdún kan níbẹ̀, èmi lo méjì, kì í sì í ṣe pé ibẹ̀ dùn mọ́ mi. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Ìyá rẹ̀ ń hun kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn yẹn, lórí òfì ìdúró tí wọ́n gbé ti ògiri ẹ̀yìnkùlé. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin ló ń jókòó sídìí irú òfì bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó bá débẹ̀, orin ni wọn ó fi í kọ títí á fi hu irùngbọ̀n.

Etí aṣọ ni wọ́n fi mọ ìyá yìí. Kíjìpá ẹlòmíì, tó bá pẹ́, etí ẹ̀ á máa tú. Tiwọn kì í tú. Kódà tí aṣọ bá gbó tó di àkísà ìnulẹ̀, etí yẹn á ṣì wà níbẹ̀ bí eyín arúgbó tó kọ̀ tí kò ká.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yọjú lórí ògiri, mo rí ọ̀rẹ́ mi nídìí òfì. Ó ń hun, ìyá rẹ̀ ń wò ó. Ó ní, "Ìyá, ẹ kọ́ mi ní etí ẹ̀." Wọ́n ní, "Etí di ọ̀la."

Ọ̀la yẹn ni mo bà jẹ́. Mo pàdé bàbá rẹ̀ lọ́nà, wọ́n ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú ẹran gbígbẹ nínú agbọ̀n, mo bá sọ ọ́ fún wọn. Ẹnì kan ò bi mí o. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n fún mi ní ẹran. Mi ò tíì jẹ ẹ́ tán tí mo fi ń gbọ́ igbe láti ọ̀hún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti fi ọ̀rẹ́ mi sínú lọ́rì tó gba ọ̀nà Ọ̀tan lọ, ó di Èkó, lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, kó lọ kọ́ iṣẹ́ ọkùnrin.

Kò pẹ́ sí i ni ìyá rẹ̀ pè mí. "Ìwọ tí o lẹ́nu yìí, wọlé, wá fi ọwọ́ náà hàn wá. Kò sẹ́ni tó ń bá mi kó òwú mọ́." Wọ́n tilẹ̀kùn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń yọ́ lọ síbẹ̀ tí bàbá bá ti lọ oko. Mo kó òwú, mo hun aṣọ, mo mọ etí ẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Lọ́dún kẹta, ìyá kú. Bàbá ò ránṣẹ́ sí ọmọ wọn títí a fi sin ìyá tán.

Ọmọ yẹn ò tiẹ̀ pẹ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Télọ̀ kan wà ní òdìkejì títì, ibẹ̀ ló yà sí, kò padà. Ibẹ̀ ló ti mọ aṣọ gé. Nígbà tó yá, ó dé òkè òkun, ó ń fi kíjìpá rán gáùn fún ìyàwó àwọn èèyàn tí kì í wọ ẹ̀wù kan lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tá a fi ń pọn ọmọ di ohun tí wọ́n ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò. Èmi ṣe àgbẹ̀. Oko kì í béèrè ìwé ẹ̀rí.

Lọ́dún yìí ló wálé wá kí mi. Ọkọ̀ rẹ̀ ò lè wọ àdúgbò wa, ó bá gun ọ̀kadà, ó di ọlọ́kadà mú bí ọmọ tuntun. Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀rẹ́, ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà," mo ní, "èmi tí mi ò ṣe nǹkan kan."

"Mo ti ránṣọ fún gbogbo ayé. Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ fọwọ́ ara mi hun fún ara mi."

"Èwo nìyẹn?"

"Èyí tí mi ò ní bọ́ mọ́."

Aṣọ ìsìnkú ló ń sọ. Ó ní irú etí tí ìyá òun máa ń ṣe ni òun fẹ́ kí aṣọ náà ní. Ó ti wá a káàkiri Ìlá, ó wá a dé Òkè-Ìlá, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ti kú.

Mo lè dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, arúgbó bíi tèmi, bí ọmọ tó jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n." Mo wá sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, láti orí ògiri títí dé ìdí òfì.

Ó ní, "Ẹran wo ni bàbá mi fún ẹ?"

"Ọ̀yà."

"Odindi?"

"Itan kan."

"Itan kan! Itan kan lo torí ẹ̀ tà mí?"

"Ó gbẹ dáadáa."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ìgbà tó dákẹ́, ó ní, "Ọdún mẹ́ta lo fi jókòó ti ìyá mi. Èmi ò fojú kàn wọ́n mọ́." Mo dìde, mo lọ wá igi tí a ó fi ṣe òfì.

A gbé òfì náà ti ògiri ẹ̀yìnkùlé mi. Ọwọ́ tirẹ̀ ń gbọ̀n, ojú tèmi ò ríran dáadáa, àwa méjèèjì la jọ di odindi èèyàn kan. Àwọn ọmọ àdúgbò yọjú lórí ògiri. Mo ti ń retí orin. Ọ̀kan ní, "Bàbá, bẹ́ẹ̀dì lẹ̀ ń kàn ni?"

Ayé ti yí. Láyé tiwa, ọmọ tó bá rí ọkùnrin nídìí òfì yẹn á sáré lọ sọ. Lónìí, kò sẹ́ni tó sáré lọ síbì kan. Ẹ má pè é ní ọ̀làjú o. Ẹ ò mọ òfì mọ́ ni.

Aṣọ náà parí, ó ti mú un lọ. Òun ló ṣe etí kan. Ó ní kí n fọwọ́ ara mi ṣe ìkejì, kí ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀yà yẹn lè bá òun wọlẹ̀.