Ampilifáyà Tí Bàbá Mi Kì Í Pa
Bí òórùn eruku tó gbóná lára ẹ̀rọ bá ti ta sí mi nímú, pálọ̀ wa ní Olówógbowó ni mo máa ń rántí. Bàbá mi ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í pa ampilifáyà rẹ̀ bó bá ń jáde.

"Ẹ ó bà á jẹ́," ìyá mi á wí.

"Kò ní ṣe é ní nǹkan," bàbá mi á dáhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni ìyá mi na ọwọ́ láti pa ampilifáyà náà, àmọ́ gìtá ló gbé. Ó ta orin kan títí mo fi ń jó lórí ẹní.

"Má sọ fún bàbá ẹ o," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìyá mi ló kọ́ bàbá mi ní gìtá, àti pé kí ìyá mi lè rí i lò ni kò ṣe ń pa ẹ̀rọ náà.

Nígbà tí bàbá mi dé lọ́jọ́ náà, ìyá mi ṣì ń kọ orin náà ní kíṣìnì. Bàbá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bá a gbè é.