Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Wọn Ojú Ehoro

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó tán nílẹ̀: olórí kunkun ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Èmi àti ẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ níbi kan náà ni, nílé ìwádìí àìsàn ojú, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ehoro sí yàrá gígùn kan lẹ́yìn. Èmi ni mò ń fọ kéèjì. Òun ló ń wọn ojú wọn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Awọ kan wà níwájú ẹyinjú, ó mọ́ gaara bíi dígí, kò nípọn ju pépà mẹ́ta mẹ́rin tí a tò léra lọ. Dókítà wa fẹ́ mọ̀ bóyá bákan náà ló ṣe nípọn lójú gbogbo irú ehoro, torí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ dán oògùn ojú tuntun wò kó tó kan èèyàn. Àwọn funfun olójú pupa wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn eléérú ńláńlá tẹ̀ lé wọn, àwọn dúdú kéékèèké sì wà ní ìkángun.

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run ló fún un. Ehoro tó ti fi èékánná ya mí lápá á dé ọwọ́ ẹ̀, á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Á fi tọ́wẹ̀lì wé e, á ní, "Pẹ̀lẹ́, olówó orí mi." Ọkọ ẹ̀ gan-an ò gbọ́ irú ẹ̀ rí! Á wá fi ẹ̀rọ kan tó rí bíi bírò kan ojú náà fẹ́rẹ́, á sì kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ọdún kẹsàn-án nìyẹn tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lè lé nígbàkígbà. Dókítà wá ṣèlérí pé bí iṣẹ́ ehoro yìí bá yọrí sí rere, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ gidi á tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọkọ ẹ̀ ti ń pè é ní "Ọ̀gá" nínú ilé.

Oṣù mẹ́ta ló fi wọ̀n wọ́n. Ó jọ pé awọ ojú àwọn dúdú fẹ́lẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, inú Dókítà sì dùn dẹ́yìn. Ó ti ń ròyìn ẹ̀ káàkiri.

Àfi bí ilẹ̀kùn kéèjì kan ṣe já láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo gbé dúdú tó wà nínú ẹ̀ wá sí kéèjì àkọ́kọ́ tó ṣófo lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe: ó kán oògùn tó ń mú ojú kú, kó má bàa dùn wọ́n, sójú gbogbo wọn títí dé ìkángun, ó wá padà síbẹ̀rẹ̀, ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà dúdú yẹn bá ti àwọn funfun dọ́gba. Ó tún un wọ̀n. Ìkan náà ni. Ó jókòó sórí korobá mi.

"Àbúrò mi, mo ti bà á jẹ́," ó ní. "Ojú tí oògùn bá ti mú kú kì í ṣẹ́jú, ṣe ló máa ń gbẹ. Bó bá sì ti ń gbẹ, á máa fẹ́lẹ́ sí i. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ àwọn dúdú, wọ́n á ti wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìkángun tí wọ́n wà ló fà á, kì í ṣe irú wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ehoro yìí padà sí ìkángun, kẹ́ ẹ fẹnu mọ́. Ta ló bi yín?"

"Wọ́n máa tìtorí nọ́ńbà mi kán oògùn tuntun yẹn sójú ọmọ ọlọ́mọ."

Inú bí mi. Mo pè é ní ẹlẹ́nu ṣọbọlọ, èmi àbúrò! Ó kọjá sí ọ́fíìsì Dókítà, èmi náà mú ìgbálẹ̀, mo lọ ń gbálẹ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta, Màdáámù!" Dókítà ń pariwo. "Lẹ́yìn tí mo ti sọ fún gbogbo ayé! Ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn."

"Mo ti gbọ́, sà. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́la?"

"Bẹ̀rẹ̀ kí ni?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, sà."

Ó sì tún un ṣe lóòótọ́, oṣù mẹ́ta gbáko. Lọ́tẹ̀ yìí, ṣe ló ń ní kí n mú pépà tó kọ nọ́ńbà kéèjì sí nínú ife, ehoro kéèjì tí mo bá mú la máa gbé. Á kán oògùn, á wo aago ọwọ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú kan géérégé, á wọ̀n ọ́n, ó di òmíràn. Dúdú àti funfun ò ju ara wọn lọ mọ́. Àwọn eléérú ńlá nìkan ni tiwọn fi díẹ̀ nípọn jù. Ọkọ ẹ̀ ò yéé pè é ní Ọ̀gá, èmi ni mi ò lè wò ó lójú. Ojú tì mí gan-an.

Lọ́jọ́ tó ku ehoro kan ṣoṣo, Dókítà wọlé pẹ̀lú àpò ìwé lọ́wọ́.

"Màdáámù, mo wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ yẹn títí, mi ò rí àléébù kankan. Ká ní ẹ ò sọ ni, mi ò bá má mọ̀ láyé. Lẹ́tà yín rèé."

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbójú sókè.

"Ẹ dákun, sà, mo ti kán oògùn sójú eléyìí. Ìṣẹ́jú ẹ̀ ò tíì pé."

Dókítà dúró, ó na lẹ́tà síwájú, òun náà ń wo aago. Omijé ti ń bọ́ sínú omi ọṣẹ mi. Ẹ̀gbọ́n mi wọn ojú ehoro náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó gbé e padà sínú kéèjì, ó ti ilẹ̀kùn, ó fọwọ́, ó nù ún. Ìgbà yẹn ló tó gba lẹ́tà.